Ìgbì Tó Pẹ́ Dé Ẹ̀pẹ́

Èmi ni mo ba orúkọ Bàbá Bàdírù jẹ́ ní Ẹ̀pẹ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, láìbu iyọ̀ sí i. Àwọn tó mọ̀ mí ní Ìtamága yóò sọ fún yín pé Jọláolúwa kì í jẹ̀bi láé, pé bí mo bá fẹsẹ̀ kọ, òkúta ni n ó bá wí. Wọn kò purọ́ mọ́ mi. Ìwà yẹn náà ló bí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọdún 2006 ni mo jáde ní yunifásítì, tí mo sì rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe ìwádìí abẹ́ ilẹ̀ ní Ìkòròdú. Yàrá méjì péré ni ọ́fíìsì wa, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta aṣọ ní Ìtamága. Ọ̀gá Oyèdèjì ló ni ín. Nígbà tí mo sọ irú iṣẹ́ tí a ń ṣe fún màmá mi, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìmìtìtì ilẹ̀? Ní Ìkòròdú yìí? Ẹ ó jókòó títí ni o." Wọn kò mọ̀ pé a kò dúró de ti Ìkòròdú. Bí ilẹ̀ bá mì lábẹ́ òkun ńlá, níbi tó jìn réré sí wa, ìgbì rẹ̀ á gba inú ilẹ̀ kọjá dé ọ̀dọ̀ wa. Èèyàn kò ní mọ̀ ọ́n lára, ewúrẹ́ kò ní dìde, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wa á gbọ́.

A ri ẹ̀rọ kan mọ́ ilẹ̀ ní Ìkòròdú, a ri èkejì mọ́lẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ohun tí a ń wá kò ṣòro. Ibì kan wà lábẹ́ òkun tó máa ń mì, tó tún máa ń mì, níbì kan náà, lọ́nà kan náà. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá mì, ìgbì rẹ̀ á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kan kó tó dé ọ̀dọ̀ èkejì, iye àkókò tó sì wà láàrin méjèèjì kò yẹ kó yí padà. Bí ó bá yí padà, á jẹ́ pé ilẹ̀ tí ìgbì gbà kọjá ni kò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, tí ìgbì kò lè sáré nínú rẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá, tàbí tó ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báyìí la ṣe fẹ́ máa ṣọ́ abẹ́ ilẹ̀ láti ọdún dé ọdún.

Ẹ̀rọ ti Ẹ̀pẹ́ wà ní àgbàlá Bàbá Bàdírù, nínú ahéré páànù kan tí kò jìnnà sí ọ̀sà. Apẹja ni Bàbá nígbà tí ara wọn ṣì le, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja ni wọ́n fi gbajúmọ̀. Àwọn ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ohùn wọn ti ń jí àwọn èèyàn sí ìrun. Nínú ààwẹ̀, kò sẹ́ni tí í mu omi ní àdúgbò náà àfi bí Bàbá Bàdírù bá pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ní aago tí ó wọ́n lọ́wọ́, wọn kì í wò ó. Ohùn Bàbá ni aago wọn.

Bàbá tọ́jú ẹ̀rọ wa bí ẹni tọ́jú ìkókó. Ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ ahéré wà. Wọ́n lé ewúrẹ́ kúrò nítòsí ibẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn tó ń gún iyán lágbàlá lọ gún un lẹ́yìnkùlé kejì, nítorí mo ti sọ fún wọn pé ẹ̀rọ náà ń gbọ́ gbogbo ohun tó bá mi ilẹ̀. Bí àwọn fúnra wọn bá fẹ́ kọjá, wọ́n á bọ́ bàtà.

Ọjọ́ tí a gbé e dé, Bàbá bẹ̀rẹ̀ wo ojú rẹ̀, níbi tí aago ẹ̀rọ náà ti ń hàn.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "aago yín pẹ́ o. Wákàtí kan gbáko."

Mo ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe aago Nàìjíríà, pé aago kan wà tí gbogbo irú ẹ̀rọ báyìí jákèjádò ayé ń lò kí wọ́n lè bá ara wọn mu, wákàtí kan ló sì fi wà lẹ́yìn tiwa. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Kó máa ṣe tirẹ̀ lọ. Òun kọ́ ló máa pe ìrun."

Mo fi bọ́tìnnì kékeré kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má fọwọ́ kan èyí o. Òun ni wọ́n fi ń yí aago, díẹ̀díẹ̀; títẹ̀ kan kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan."

"Kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ kàn án ṣe?" Bàbá wí. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí mo bá lọ síbẹ̀, wọ́n á bi mí pé, "Ẹ ò tíì tún aago yín ṣe síbẹ̀?" A ó jọ rẹ́rìn-ín. Àwàdà wa nìyẹn.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun lọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ wa méjèèjì gbọ́ ọ dáadáa. Òjò ọdún yẹn wá pọ̀ jù. Ní oṣù kẹsàn-án tí mo lọ pààrọ̀ bátìrì, Bàbá sọ fún mi pé, "Omi ti gun òkè lọ́dún yìí o. Kànga wa kún débi pé abọ́ la fi ń bù ú. A ti ká okùn." Mo ní, "Ẹ kú orí ire, Bàbá." N kò gbójú sókè. Bátìrì ni mo ń dè.

Ní oṣù kẹwàá, nígbà tí ààwẹ̀ ń parí lọ, ibi kan náà tún mì lábẹ́ òkun. Mo sáré gbé ìlà ìgbì tí ẹ̀rọ yà nígbà ọyẹ́ jáde, mo gbé ti ìgbà òjò lé e lórí kọ̀ǹpútà. Ti Ìkòròdú bára mu gẹ́lẹ́. Ti Ẹ̀pẹ́ kò bára mu. Ibi tí ìgbì ti ga jù pẹ́ dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, kò tilẹ̀ tó kí èèyàn fi ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ wa, òkè ńlá ni.

Ó yẹ kí n jókòó kí n ronú. Ohun tó ṣeé ṣe ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n èmi tí mo máa ń dé ìparí ọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí a gbé ẹ̀rọ dé ni mo rántí. Mo fò dìde. Mo ní, "Bàbá ti tún aago ṣe! Ó pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ tún un ṣe!"

Inú Ọ̀gá Oyèdèjì dùn, nítorí oṣù yẹn ni a gbọ́dọ̀ fi rípọ́ọ̀tù ránṣẹ́ sí àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún wa. Wọ́n ní, "Bó bá ti jẹ́ aago ni, ó ti yanjú nìyẹn. Jẹ́ ká lọ bi wọ́n, ká kọ ọ́ síbẹ̀."

Ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀ la lọ. Èmi ọmọbìnrin Kìrìsítẹ́nì kò ro ti ọjọ́. Bí a ṣe ń já sí àdúgbò náà ni àwọn èèyàn ń tú jáde lẹ́yìn ìrun, Bàbá sì wà láàrin wọn nínú agbádá funfun. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n ya ẹnu wọn sẹ́rìn-ín, wọ́n ń bọ̀ wá kí wa. Ó yẹ kí n dúró. Ó yẹ kí a wọlé, kí a jókòó, kí a mu omi. A kì í pe àgbà lẹ́jọ́ lójú pópó. Mo mọ̀ ọ́n, wọ́n kọ́ mi nílé.

"Bàbá, ẹ dákun, ta ló fọwọ́ kan aago wa?"

"Aago?" Bàbá dúró. "Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà."

"Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ló wà, ẹ̀yin náà ni nìyẹn."

Àwọn èèyàn ti ń dúró. Bàbá ní, "Èmi kọ́, ọmọ mi."

"Ẹ rántí dáadáa. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ó pẹ́? Ẹ̀rọ kì í purọ́, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ wọ́n lára. Bàbá ka ẹ̀rọ sí. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ń ronú bí ọmọ ilé ìwé tí ìdáhùn sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ kan wà nínú ààwẹ̀," wọ́n ní, "mo nu eruku ojú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni mo nù ún. Bóyá aṣọ yẹn kan nǹkan kan, n kò mọ̀."

"Ẹ rí i!" Mo yíjú sí Ọ̀gá Oyèdèjì. "Ẹ rí i, Ọ̀gá! Mo sọ fún yín!"

Ààfáà Bísíríyù, tó ń ṣe lèmọ́mù wọn, súnmọ́ wa. "Aago wo nìyẹn? Ṣé aago tí Bàbá ń wò pe ìrun ni?"

Gbólóhùn kan péré ni mo nílò láti sọ pé, "Rárá o, aago tiwa ni." Inú ń bí mi, oòrùn ń pa mí, mo sì ń yọ̀ pé mo jàre. Mo ní, "Aago tó wà níkàáwọ́ Bàbá ni, wọ́n sì ti yí i." N kò sọ pé aago mọ́ṣáláṣí ni. N kò sì sọ pé òun kọ́. Ẹyin lohùn. Mo jẹ́ kó já bọ́, mo wọ mọ́tò, a padà sí Ìkòròdú.

Ohun tó tẹ̀lé e, ẹnu Munirah ni mo ti gbọ́ ọ. Ọmọ Bàbá ni, tíṣà ni. Nígbà tí a lọ tú ẹ̀rọ náà gbé lọ sí Àgbọ́wà, níbi tí a rò pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ti ní kàn án, òun ló ṣílẹ̀kùn ahéré fún wa. Kò kí wa.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ?" ó ní. "Wọ́n ní bí Bàbá bá lè yí aago òyìnbó láìgbàṣẹ, ta ló mọ ohun tí wọ́n ń fi aago tiwa ṣe? Wọ́n ní ààwẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà tán yìí, ìṣẹ́jú mélòó la fi ṣáájú oòrùn ṣínu? Ìyá Wàsílátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọgbọ̀n ọjọ́ padà. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin."

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbé gbohùngbohùn sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Zikrullah, ló ń pe ìrun báyìí."

Mo ní kí ó bá wa kí Bàbá. Mo gbà á gbọ́ nígbà yẹn pé mo jàre. Mo sì kọ ọ́ sínú rípọ́ọ̀tù pé olùtọ́jú ẹ̀rọ ti Ẹ̀pẹ́ yí aago, pé kò sí ohun tó yí padà nínú ilẹ̀. Ọ̀gá Oyèdèjì fọwọ́ sí i.

Oṣù kẹta ọdún 2009 ni mo tó mọ̀ pé irọ́ ni mo kọ. Mo ń múra àtilọ kàwé sí i, mo sì fẹ́ fi iṣẹ́ àtijọ́ kọ nǹkan. Mo tún gbé ìlà ìgbì méjèèjì ti Ẹ̀pẹ́ sórí ara wọn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí n kò wo ibi tó ga jù nìkan. Mo wò ó láti orí dé ìrù.

Orí ìgbì náà kò pẹ́ rárá. Ó dé sí àkókò rẹ̀ pẹ́rẹ́. Àárín rẹ̀ ló pẹ́ díẹ̀. Ìrù rẹ̀ ló wá pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún màmá mi. Bí èèyàn méjì bá ń rìn láti Ìkòròdú lọ sí Àgbọ́wà, tí ọ̀kan pẹ́ jáde nílé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ìṣẹ́jú márùn-ún náà ni yóò fi wà lẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí aago tó yí ṣe rí nìyẹn: ohun gbogbo á pẹ́ bákan náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jọ jáde lẹ́ẹ̀kan, tó jẹ́ pé ẹrẹ̀ ni ẹnì kan ń gbà, bó bá ṣe ń rìn sí i ni yóò máa pẹ́ sí i. Ìrù ìgbì ni ó rìn jù, òun ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú ilẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Aago wa kò yí. Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ló kún fún omi ní ọdún yẹn, tí ìgbì kò fi lè sáré nínú rẹ̀. Bàbá sì ti sọ fún mi lójúkojú pé kànga kún, nígbà tí mo ń de bátìrì.

Mo jókòó síbẹ̀ títí omijé fi bọ́ sórí tábìlì. Ohun tí a ń wá kiri, tí a tìtorí rẹ̀ ri ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, òun ni a rí, òun náà ni mo fi pe àgbàlagbà lópùrọ́.

Mo sọ fún Ọ̀gá Oyèdèjì. Wọ́n wo ìlà náà pẹ́, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Rípọ́ọ̀tù ti lọ, Jọláolúwa. Ó ti lé lọ́dún. Bàbá fúnra wọn náà sì sọ pé ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ àwọn kàn án." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi létí, n kò ní purọ́. Mo ní n ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní Sátidé. Sátidé dé, òjò rọ̀. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà kan mo dé Àgbọ́wà lọ wo ẹ̀rọ, ìdajì ọ̀nà ti tán, mọ́tò Ẹ̀pẹ́ ń pèrò níwájú mi. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, mo yí padà sílé. Báyìí ni oṣù mẹ́jọ ṣe lọ. Ìtìjú ni, kò ní orúkọ mìíràn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, mo gbọ́ ohùn kan lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa. Bàbá Bàdírù ni. Wọ́n ti rù, Munirah di apá wọn mú. Ọ̀gá Oyèdèjì dìde fún wọn ní àga, Bàbá kò jókòó.

"Àwọn ọmọ fẹ́ gbé mi lọ sí Mẹ́kà," wọ́n ní. "Ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ òfuurufú wa. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá gbogbo ẹni tó bá ti ṣẹ̀, kó tọrọ àforíjì. Mo ti lọ bá gbogbo wọn tán, ó ku ẹ̀yin àti àbúrò mi kan tó wà l'Ékòó."

"Bàbá, ẹ jókòó," mo wí.

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ lórí ìdúró. Mo rántí rẹ̀ wàyí. Ó ṣe díẹ̀ kó tó padà sí mi lọ́kàn. Alẹ́ ọjọ́ kejìlélógún ààwẹ̀ ni. Mo nu eruku tán, mo rí i pé aago yẹn ṣì pẹ́, mo ní kí n ràn yín lọ́wọ́. Mo fi ìka yìí tẹ̀ ẹ́." Bàbá na ìka ìfábẹ̀là wọn. "Mo sì jiyàn níwájú àwọn èèyàn pé n kò ṣe é. Ìyẹn ló burú jù. Ẹ forí jì mí, nítorí Ọlọ́run."

Àgbàlagbà ọkùnrin yẹn wá ń bẹ̀rẹ̀ fún mi. Fún èmi. Mo sáré dì wọ́n mú ní èjìká kí eékún wọn má baà kan ilẹ̀. Mo wo Ọ̀gá Oyèdèjì, Ọ̀gá ń wo fèrèsé. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ wà lẹ́nu mi. Èyí tó jáde ni, "Mo ti forí jì yín, Bàbá."

Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n gbàdúrà fún mi, pé n ó rí ọkọ gidi fẹ́, pé ìwé tí mo fẹ́ lọ kà á yé mi. Munirah nìkan ni kò ṣe àmín. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo fi sáré sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo wà lórí ọ̀kadà, mo ń pariwo sí ẹni tó ń wà á pé kó sáré. Mo bá wọn ní Èbúté Ìkòròdú, wọ́n wà lórí ìlà àwọn tó fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn tó ń já yanrìn ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo sì ní láti gbé ohùn mi sókè kí n tó lè jẹ́wọ́.

"Bàbá, ẹ kò tẹ nǹkan kan! Aago náà kò yí! Ilẹ̀ ló yí padà, omi ló wọ̀ ọ́. Èmi ni mo ṣì í. Èmi ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ dáadáa. O ti forí jì mí, ó ti tó."

"Kì í ṣe àánú ni mo ń ṣe! Mo rí i nínú ìgbì náà. Bó bá jẹ́ pé ẹ tẹ bọ́tìnnì yẹn ni, ohun gbogbo ni ì bá pẹ́ bákan náà. Orí rẹ̀ kò pẹ́, Bàbá. Ẹ kò tẹ̀ ẹ́."

"Ṣùgbọ́n mo rántí."

"Mo ní kí ẹ rántí ni ẹ fi rántí."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wo ìka wọn. Munirah ló sọ̀rọ̀. "Ìgbà wo lo mọ èyí?"

"Oṣù kẹta."

"Oṣù kọkànlá la wà yìí."

"Mo mọ̀. Ẹ forí jì mí, Bàbá." Mo kúnlẹ̀ sínú omi ẹja tó wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá kò gbé mi dìde. "Mo ti bẹ gbogbo Ẹ̀pẹ́," wọ́n ní. "Mo ti sọ fún Ọlọ́run pé mo ṣe é. Ọdún méjì ni mo fi ń sunkún lórí rẹ̀. Jọláolúwa, èyí tí mo wá tọrọ lọ́wọ́ rẹ rọrùn. Èyí tí o ní kí n fún ọ yìí, n kò mọ̀ bóyá mo ní in."

Ọkọ̀ ti fẹ́ ṣí. Munirah fà wọ́n lọ́wọ́. Bàbá yíjú padà kí wọ́n tó wọlé. "Níwájú mọ́ṣáláṣí lo ti sọ ọ́. Lọ sọ èyí náà níbẹ̀. Kí n tó dé."

Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo wà ní Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó kírun tán. Mo fi ìborùn bo orí. Mo ti tẹ ìlà ìgbì méjèèjì sórí ìwé fífẹ̀, mo sì ti kọ́ bí n ó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ kó lè yé àgbà. Bí wọ́n ṣe ń jáde, mo bẹ Ààfáà Bísíríyù pé kí wọ́n dá àwọn èèyàn dúró fún mi. Wọ́n dá wọn dúró. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ pé aago mọ́ṣáláṣí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rí, pé ààwẹ̀ wọn kò ní àléébù kankan, pé Bàbá Bàdírù kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo na ìwé náà sókè títí apá fi ń ro mí.

Wọ́n ń mi orí. Wọ́n ń wò mí tìfẹ́tìfẹ́. Mo rò pé ó ti yé wọn.

Ààfáà Bísíríyù gbé ọwọ́ lé àyà. "Ẹ ò rí nǹkan," wọ́n sọ fún àwọn èèyàn. "Bàbá ti sọ fún wa kí wọ́n tó lọ pé àwọn ń lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ yìí, pé àwọn ṣẹ̀ ẹ́. Ó forí jì wọ́n. Kò tó o, ó tún wá láti Ìkòròdú wá gba ẹ̀bi náà sọ́rùn ara rẹ̀, kí ojú má baà ti arúgbó nígbà tó bá dé. Kì í sì í ṣe Mùsùlùmí. Ta ló lè ṣe irú èyí nínú wa?"

"Ẹ gbọ́ mi, Ààfáà. Òótọ́ ni mo ń sọ."

"Bàbá fẹnu ara wọn jẹ́wọ́, ọmọ mi. Ṣé Bàbá ló wá purọ́?"

Mo tún na ìwé náà sókè. Ìyá Wàsílátù, tó gba ọgbọ̀n ọjọ́ ààwẹ̀ padà, jáde láàrin àwọn obìnrin, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní kí n má dààmú mọ́, pé gbogbo wọn ti forí ji Bàbá Bàdírù tipẹ́. Wọ́n ní Ọlọ́run yóò san án fún mi. Wọ́n fẹ́ kí n wá jẹun.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi bá a lóòótọ́. Irọ́ ni kò dá a lóhùn.

Munirah ti dúró sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn ti ń lọ tán, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń ká ìwé mi.

"Bàbá pè láàárọ̀ yìí láti Mẹ́kà," ó ní. "Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí. Wọ́n ní ṣé o ti wá."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní o kò tíì dé. Wọ́n á tún pè ní ìrọ̀lẹ́." Ó wò mí, kò bínú mọ́, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Mo ní kó sọ fún wọn pé mo wá. Ó ní, "Wọ́n á bi mí pé kí làwọn èèyàn sọ." Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé wọ́n ti forí ji Bàbá.